Láti Ìdí Ìkòkò Aró dé Yàrá Ìdánwò: Obìnrin àti Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ pé ó yẹ kí á rọ àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n máa yan iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ààyò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, èyíinì ni ọjọ́ 11 oṣù kejì, tí a sì ti ń ṣe é lọ́dọọdún láti ọdún 2016. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò UNESCO, obìnrin kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ láàrin àwọn olùṣèwádìí ní àgbáyé. A kò kọ bébà yìí láti jiyàn bóyá ìpè náà dára, nítorí ó dára. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èrò kan tí ó sá pamọ́ sínú ìpè náà, tí àwọn tí ń pè é kì í sábà dúró wò: pé ìta ni obìnrin wà, pé ọkùnrin ni ó ni ilé, pé a sì ń bẹ obìnrin kí ó jọ̀wọ́ wọlé.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò gbe èrò náà. Kí òyìnbó tó dé, obìnrin ni ó ń rẹ aró, òun ni ó ń se ọṣẹ, òun ni ó ń yọ àdín lára èkùrọ́, òun náà ni ó sì ń mọ ìkòkò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó dá lórí mímọ bí nǹkan ṣe ń kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn, èyí tí í ṣe ohun tí kẹ́mísírì ń wádìí. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe inú òkùnkùn ni a ti ń pe ọmọbìnrin. Ọ̀nà kan ni ó wà tẹ́lẹ̀ tí a gé, ibi tí a sì ti gé e ni ó yẹ kí á wá rí. Aró ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, Abẹ́òkúta ni a ó sì fi ẹsẹ̀ lé jù, nítorí níbẹ̀ ni ìtàn náà ti hàn gbangba.

Ohun tí aláró ń ṣe

Ewé èlú ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. A ó já ewé rẹ̀ ní tútù, a ó gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, a ó ṣù ú, a ó sì sá a sí oòrùn. Lọ́wọ́ kejì, a ó wá eérú igi. A ó da eérú yìí sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, tí a gbé ka orí ìkòkò mìíràn, a ó sì bu omi lé e lórí. Omi náà yóò máa gba àárín eérú kọjá, yóò máa kán sí ìkòkò ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yìí a máa yọ̀ lọ́wọ́, a sì máa ta ahọ́n. Òun ni a ó rẹ èlú sí, tí a ó bò ó, tí a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan dáadáa kí á tó ti aṣọ bọ̀ ọ́.

Bí a bá fi ojú onímọ̀ kẹ́mísírì wo ohun tí a sọ yìí, yóò yà wá lẹ́nu bí ó ti díjú tó. Àwọ̀ búlúù tí a ń wá kò sí nínú ewé èlú tútù. Ohun mìíràn tí kò ní àwọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí a bá gún ewé náà tí afẹ́fẹ́ sì kàn án ni búlúù tó jáde. Ìṣòro kejì ni pé búlúù yìí kì í yọ́ nínú omi. Bí a bá fi aṣọ bọ omi tí ó wà nínú rẹ̀, ńṣe ni yóò kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ, tí yóò sì ṣí dànù nígbà tí a bá fọ̀ ọ́. Kí ó tó lè yọ́, a gbọ́dọ̀ gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ìkòkò náà, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkali. Omi eérú ni alkali náà. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ìkòkò nígbà tí èlú bá ń kan, àwọn ni wọ́n ń mú ọ́síjìn tán. Nígbà náà ni búlúù yóò di ohun mìíràn tí ó yọ́, tí omi yóò sì dà bí àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n. Aṣọ tí a bá yọ nínú rẹ̀ kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Bí ewé ni yóò ti rí. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù níṣojú wa, nígbà tí àwọ̀ bá ti wọ inú òwú lọ, tí kò sì lè jáde mọ́. Bí a bá ti aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí a tún sá a sí afẹ́fẹ́, yóò tún dúdú sí i.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ibi tí ọgbọ́n aláró wà. Bí omi eérú bá le jù, àwọn kòkòrò yẹn yóò kú. Bí kò bá le tó, àwọ̀ kò ní yọ́. Ibi tóóró ni ó wà láàrin méjèèjì, aláró sì ní láti mọ ibẹ̀ láìní ohun-èlò kankan tí a fi ń wọn agbára alkali. Ó ń tọ́ omi eérú wò lẹ́nu, ó ń gbóòórùn ìkòkò, ó ń wo ìfófò ojú rẹ̀, ó sì ń ti ègé aṣọ kékeré bọ̀ ọ́ kí ó tó fi ọjà oníbàárà sí i. (Ahọ́n ni òṣùwọ̀n, ahọ́n náà ni ó sì ń jẹ ìyà rẹ̀.) Ohun tí ó bá rí ni yóò sọ fún un bóyá kí ó fi omi eérú kún un, tàbí kí ó dúró di ọ̀la. Ìdánwò ni èyí, àyẹ̀wò sì ni.

A kò fẹ́ kí á tìtorí èyí pọ́n iṣẹ́ aró ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn kan nínú wa máa ń yára sọ pé kò sí ohun tí òyìnbó mọ̀ tí àwọn baba ńlá wa kò ti mọ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Aláró mọ bí a ti ń ṣe é. Kò mọ ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú lásán rí kòkòrò tín-tìn-tín tàbí ọ́síjìn. Nígbà tí ìkòkò bá kọ̀ tí kò dára, Ìyá Màpó tí í ṣe òrìṣà àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ obìnrin ni a ń bẹ̀. Iṣẹ́ náà tún ní àṣírí tirẹ̀, ìyá ni ó ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń fi hàn. Sáyẹ́ǹsì ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí a sọ ìdí nǹkan ní gbangba, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àlàfo wà láàrin méjèèjì. Ohun tí a ń sọ ni pé àlàfo náà kò fẹ̀ tó bí a ti rò, àti pé ọmọ aláró ni ó wà létí rẹ̀ jù.

Ó tọ́ kí á fi kún un pé pípín tí Yorùbá pín iṣẹ́ fún akọ àti abo kò tẹ̀lé ìlà tí ó ya iṣẹ́ ọpọlọ kúrò lára iṣẹ́ tí kò gba ọpọlọ. Ọkùnrin ni alágbẹ̀dẹ. Obìnrin ni ó ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin. Ní ti aṣọ híhun, àwọn méjèèjì ni ó ń hun ún: òfì olóòró ni ti obìnrin, èyí tí ó tẹ́ gbọọrọ ni ti ọkùnrin, ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kan náà. Nínú iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ pàápàá, ọkùnrin ni ó sábà ń gé bátànì lára páànù, obìnrin ni ó sì ń rẹ aṣọ. Èrò pé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lápapọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kò ti ibi yìí wá.

Ọ̀rọ̀ sódà ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe, tí kò ní ewé nínú. Kò pẹ́ tí irú aró yìí àti sódà tí ń jó ọwọ́ fi dé ọjà wa. Ẹni tí ó bá ní sódà kò ní láti wá eérú mọ́, kò sì ní láti dúró kí omi máa kán. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí àdìrẹ ti di òwò ńlá tí àwọn oníṣòwò ń rà lọ sí Gold Coast àti Senegal, àwọn aláró gba nǹkan tuntun yìí. Kò sí ẹni tí ó rọ̀ wọ́n. Wọ́n rí i, wọ́n dán an wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.

Nígbà tí òwò dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1936, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aṣọ kò dára mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì di ẹ̀bi ru sódà àti aró òyìnbó. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè wọ́n. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Ní ọdún 1936, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ní ìkẹyìn, a mú òfin náà kúrò. Judith Byfield ti sọ ìtàn yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ The Bluest Hands, tí ó jáde ní 2002, a kò sì ní tún gbogbo rẹ̀ sọ.

Ojú ìtàn òwò àti ti ìṣèlú ni a sábà fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ ni pẹ̀lú. Sódà àti omi eérú, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ìkòkò. Ìyàtọ̀ ni pé sódà le púpọ̀púpọ̀, tí ẹni tí ó bá ṣì í wọ̀n lè ba iṣẹ́ jẹ́, tí ó sì lè bó ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni. Ahọ́n tí ó ti mọ omi eérú kò wúlò fún sódà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ohun tí ó yẹ irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí ó mọ kẹ́mísírì àti ẹni tí ó mọ ìkòkò jókòó pọ̀. Òfin ni àwọn obìnrin náà rí dípò rẹ̀. Níhìn-ín ni a rò pé ọ̀nà ti gé: àwọn tí ó fẹ́ràn láti dán ohun tuntun wò ni a wí fún pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ tí à bá fi kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ohun tí ó kù sì ń kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn.

Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kì í ṣe ohun àìpẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọ CMS ti dá ti Èkó sílẹ̀ ní 1869, Kúdẹtì ní Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1899, ìjọba sì dá Queen's College sílẹ̀ ní Èkó ní 1927, ọdún 18 lẹ́yìn tí wọ́n ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Ní àwọn ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí, ìyàwó ilé tí yóò yẹ ọkùnrin ọ̀làjú ni a ń wò lójú nígbà tí a bá ń ronú nípa ẹ̀kọ́ obìnrin. Nítorí náà ni aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti aṣọ fífọ̀ fi gba ipò pàtàkì.

Ẹ wo ti aṣọ fífọ̀ nìkan. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń se ọṣẹ dúdú nílé, tí ó ń po àdín mọ́ omi eérú lórí iná títí tí méjèèjì yóò fi di ohun kẹta tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn, a mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ bí a ti ń fi ọṣẹ òyìnbó fọ aṣọ. Bí ọ̀rá àti alkali ṣe ń di ọṣẹ wà nínú ìwé kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ni a fi ìwé náà lé lọ́wọ́. Ẹni tí kò rí i rí ni a kọ́. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ro ó ni a yọ sílẹ̀.

Àwọn kan là á já. Agnes Yewande Savage, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará ilẹ̀ wa, gba oyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1929. Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Dublin ní 1938, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Grace Alele-Williams, ọmọ Warri, kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní 1963, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí yóò gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di gíwá Yunifásítì Benin, kò sì sí obìnrin tí ó ti jẹ gíwá yunifásítì ní orílẹ̀-èdè yìí ṣáájú rẹ̀. A máa ń dárúkọ àwọn wọ̀nyí nígbà tí a bá fẹ́ fi ìwúrí fún àwọn ọmọdé, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé òkè òkun ni gbogbo wọn ti gba àwọn oyè tí a dárúkọ wọ̀nyí. Savage tún fi hàn wá pé wíwọlé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀: nígbà tí ó dé ẹnu iṣẹ́ ìjọba ní Gold Coast, wọn kò fún un ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn dókítà ọkùnrin òyìnbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ̀ kò kéré sí tiwọn.

Láti ìgbà náà ọ̀rọ̀ ti sún síwájú. Àwọn ẹnjinníà obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn tí ń jẹ́ APWEN sílẹ̀ ní 1982, Joana Maduka sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ní 2001, Adéyínká Fálúsì ti Ìbàdàn gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún, irú èyí tí àwa ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ọmọwùmí Sàdíkì, tí ó kọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Èkó, ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń ṣe ohun-èlò tí ń tú àṣírí kẹ́míkà tí ó léwu. Ìṣòro wa ni pé àwọn wọ̀nyí ṣì jẹ́ ẹni tí a ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo fún odidi ọdún 6, tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Iṣẹ́ yìí kò dá lórí ọ̀rọ̀ akọ àti abo, a kò sì gbọdọ̀ fi ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu. Síbẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kan tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní kẹ́mísírì kò lè padà sílé lọ bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kankan nípa rẹ̀. Ìyá náà yóò di ẹni tí kò mọ nǹkan kan, àní bí ó ti ń bá alkali ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti Yorùbá, ìyá lè dáhùn, ó sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí ni ó ṣe pàtàkì lójú tiwa: ọmọbìnrin yóò rí obìnrin tí ó mọ̀, nínú ilé tirẹ̀, kí ó tó rí àwòrán ọ̀jọ̀gbọ́n kankan lára ògiri.

Àtakò méjì ni a ti gbọ́ sí irú àbá yìí. Èkíní ni pé ìdánwò àṣejáde, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè fi Yorùbá la ọ̀rọ̀ yé ọmọ, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́wọ́. Èkejì wúwo jù: pé a fẹ́ dá ọmọbìnrin padà sí ìdí ìkòkò tí a sọ pé a fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Bí a bá fi aró kọ́ àwọn ọmọbìnrin nìkan, tí a sì fi ẹ̀rọ mọ́tò kọ́ àwọn ọmọkùnrin, àtakò náà jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ìkòkò aró kọ́ tọkùnrin tobìnrin ohun tí ọ́síjìn ń ṣe, lẹ́yìn náà kí á kúrò nídìí rẹ̀ lọ sí orí irin tí ń dípẹtà àti bátìrì. Ó tún yẹ kí á sọ ọ́ láìfi igbá bo ọ̀rọ̀ pé kò sí ọ̀nà ìkọ́ni kankan tí yóò ṣe é fún ọmọ tí ó ń pọn omi, tí ó ń gún iyán, tí ó ń tọ́jú àbúrò, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé. Àwọn òbí ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Iṣẹ́ tí ó kan Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa ni ti ọ̀rọ̀ ìperí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 ṣe gudugudu méje fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ti sáyẹ́ǹsì, ohun tí a sábà ń ṣe ni pé kí á jókòó sínú ọ́fíìsì kí á máa hun ọ̀rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn aláró, àwọn aṣọṣẹ àti àwọn amọ̀kòkò ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún omi eérú tí ó le jù àti èyí tí kò le tó, fún ìkòkò tí ó ti tó lò àti èyí tí ó ti ṣá. Kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè wa tó bí ó ti yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nídìí iṣẹ́ ni.

Àkókò kò sì dúró. Ẹni tí ó bá dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí yóò rí i pé kámpálà ni ó pọ̀ jù, tí a fi aró òyìnbó, sódà àti hydrosulphite rẹ. Hydrosulphite yìí ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kòkòrò inú ìkòkò. Òun ni ó ń mú ọ́síjìn kúrò, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ dípò ọjọ́ púpọ̀. Àwọn tí ó mọ èlú ti dàgbà. Àwọn tí wọ́n ń lo sódà nísinsìnyí ń fi ọwọ́ wọn ṣe é, omi tí wọ́n bá lò tán sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bí a ṣe lè wọn sódà kí ó má bó ènìyàn lọ́wọ́, bí a ṣe lè pa agbára omi ìdọ̀tí náà kí á tó dà á nù, iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ni. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí ó lè kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá wọ̀nyí, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ kí ó tó la ẹnu sọ tirẹ̀.